Oorun Ràímì

Ní Agbowó, lókè ṣọ́ọ̀bù onífọ́tòkọ́pì,
mo jókòó ti kọ̀ǹpútà,
mo ń kọ́ bí a ṣe ń ka ara ènìyàn
bí ẹni ń ka ìwé tí òjò pa.

"Gbogbo ẹlẹ́mìí ló ní aago," ni Dókítà Ṣànyàolú wí.
"Ẹ gbé patanmọ́ sínú àpótí tó ṣókùnkùn biribiri,
bílẹ̀ bá ṣú níta, á pa itan dé.
Ta ló sọ fún un?
Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ wá aago náà láàárín ariwo."
Ariwo tó ń wí, kì í ṣe ti ẹnu:
nọ́ńbà tó ń tàkìtì kiri ni, tí kò gbọ́ ti ẹnì kankan.

Mo so aago mọ́ ìyá mi lọ́wọ́, ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko.
Ọdún mọ́kàndínlógún rèé
tó ti ń po ìyẹ̀fun ní bẹ́kìrì kan l'Ókè Àdó,
tó ń jáde bí aládùúgbò bá ń ti ilẹ̀kùn,
tó ń wọlé, ìyẹ̀fun létí irun,
bí àwa ọmọléèwé bá ń wá ìbọ̀sẹ̀.
Láti kékeré ni mo ti rò pé kì í sùn,
pé inú wa ló ń bí i lọ́sàn-án.

Mo to ọjọ́ léra bí búrẹ́dì nínú páànù,
ìlà dúdú níbi tí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́,
òfìfo níbi tó ti dúró jẹ́ẹ́.
Mo gbé ìgbì kan lé e,
mo wá ṣóńṣó rẹ̀, mo wá ìsàlẹ̀, mo wá àárín.
Iná lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo tún un bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ onífọ́tòkọ́pì gbà láti dáhùn,
ìgbì náà jókòó:
ọ̀gànjọ́ òru ìyá mi, aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni.

Mọ́kànlá!
Ìgbà tí mo máa ń kanlẹ̀kùn pé owó ìwé dà.

Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ kan kọ̀ jálẹ̀.
Láti aago méjì òru sí márùn-ún, funfun báláú:
ọwọ́ tó yẹ kó máa po ìyẹ̀fun, ó sùn fọnfọn.
"Pa á rẹ́," ni Gbọ́láwọyì tó jókòó tì mí wí.
Ẹlòmíràn ní kí n fi ìpíndọ́gba dí i,
bí ẹni ń fi ẹrẹ̀ dí ògiri.
Dókítà Ṣànyàolú wò ó pẹ́, ó bọ́ gíláàsì.
"Ẹni tó ni ọwọ́ ńkọ́? Ṣé o ti bi í?"

Mi ò bi í.
Kósáìnì ni mo mọ̀.

Ní Sátidé, nílé wa lẹ́yìn Bẹẹrẹ, mo tẹ́ bébà náà síwájú rẹ̀.
Ó fi ìka tí ààrò ti jó tọ́ka sí Ọjọ́bọ̀ náà,
ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
"Èyí? Ràímì nìyẹn.
Ọmọ tó ń kó igi fún wa. Aago yẹn wù ú,
mo ní kó fi sọ́wọ́ díẹ̀.
Ló bá sùn lọ lẹ́yìn ààrò, lórí àpò ìyẹ̀fun.
A ò jí i. Àwa náà la kó igi."

Mi ò pa á rẹ́.
Mo gé e kúrò lára ti ìyá mi,
mo ṣí fáìlì tirẹ̀ fún un, mo kọ orúkọ sí i.
Wákàtí mẹ́ta. Kò tó fi wá ìgbì kankan.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí mọ́kànlá lù,
ọmọ aládùúgbò na ọwọ́ láti kanlẹ̀kùn.
Mo yọjú lójú fèrèsé, mo juwọ́ sí i:
rọra.
Òru ń lọ lọ́wọ́ níbí.